Ìkọ́ Eléyín Márùn-ún

"Má fọwọ́ kan ìgò yẹn o, ìyàwó wa," ni Adúnbárìn wí. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára iná. "Bí ásíìdì inú rẹ̀ bá ta sí ọ lára, àfi eegun ni yóò dá a dúró."

Tanímọ̀wò yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyàwó àbúrò Adúnbárìn ni, opó ọdún mẹ́ta. Láti àárọ̀ tó ti wọ Ilé Àyẹ̀wò ló ti wà lórí ìdúró, nítorí kò sí àga kan níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí kò to ìgò ásíìdì lé lórí. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ilẹ̀ ń rọra gbéra, ó sì ń rọra balẹ̀, bó ti máa ń ṣe káàkiri ìlú Ojúomi nígbà tí òkun bá ń kún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sórí omi kì í mọ̀ ọ́n lára. Àwọn tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí òkun tó gbé ilẹ̀ náà mì, ni èébì ṣì máa ń gbé nígbà mìíràn, Adúnbárìn sì wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní í jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ṣì kù púpọ̀?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ló ń yọ́. Eegun rẹ̀ ni mo ń dúró dè."

Ohun tó ń hó nínú ìgò náà kò ju orí ìka lọ. Ìyókù ara rẹ̀ dúró nínú àwo omi tútù lórí tábìlì: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ga tó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, gbòǹgbò jágajàga nísàlẹ̀ tó fi di ẹrẹ̀ mú, àti àwọn ọwọ́ tínrín-tínrín tó yọ yí orí rẹ̀ ká bí irin agboòrùn tí afẹ́fẹ́ ti gba aṣọ rẹ̀ lọ. Kànrìnkàn òkun ni. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú omi tí kò jìn, ihò ni gbogbo ara wọn. Wọ́n á fa omi wọlé, wọ́n á sẹ́ oúnjẹ inú rẹ̀ bí ẹní ń sẹ́ ògì, wọ́n á tú omi náà jáde. Ṣùgbọ́n níbi tí eléyìí ń gbé, ní ìsàlẹ̀ tí oòrùn kò dé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, oúnjẹ inú omi kò tó ohun tí à ń sẹ́. Ó ti pa ihò ara rẹ̀ dé, ó ti di apẹran. Kò lẹ́nu, kò níkùn, kò lójú, kò sì lè rìn, síbẹ̀ ẹran ló ń jẹ.

Tanímọ̀wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Báwo ló ṣe ń pa ẹran náà?"

"Kì í pa á. Ó ń dì í mú ni. Wo àwọn ọwọ́ yẹn dáadáa. Ìkọ́ ló bò wọ́n, ìkọ́ gíláàsì tí ojú lásán ò lè rí. Bí edé kékeré bá ṣèèṣì fara kàn án, ó ti há nìyẹn, bí èèmọ́ ṣe ń há mọ́ aṣọ ẹni tó gbagbó kọjá. Edé á jà títí. Bó ṣe ń jà ni ìkọ́ mìíràn ń mú un. Tó bá wá rẹ̀ ẹ́, ẹran ara kànrìnkàn yìí fúnra rẹ̀ á kúrò níbi tó wà, á rìn díẹ̀díẹ̀, á bo edé mọ́lẹ̀, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni o, ọjọ́ mẹ́jọ ni o, kì í kánjú."

Ó fẹ́ràn apá yẹn nínú ọ̀rọ̀ kànrìnkàn yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí òun náà ti ń kọ́ àìkánjú.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Akínsùúrù, ọkọ Tanímọ̀wò, kú sínú àgọ́ irin ní Kòtò Kẹrìndínlógún. Ojú ni iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ti sọ ọ́ pé ẹ̀rọ kankan kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ìsàlẹ̀ òkun láìsí ojú èèyàn nítòsí rẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní Ojú tí yóò jókòó sínú àgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà fún oṣù méjì-méjì, tí okùn èémí yóò sì máa gbé iná àti afẹ́fẹ́ bọ̀ wá bá a láti òkè. Olóyè Jàgùnmólú ló ni ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ kejì ń fà sẹ́yìn, ọkọ̀ tó fẹ́ kó òkúta bátìrì ti dúró lókè, ó sì pàṣẹ kí wọ́n yọ okùn èémí lára àgọ́ Akínsùúrù kí wọ́n fi kún agbára ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n dá okùn padà, kò sẹ́ni tó dáhùn mọ́. Àwọn àgbà ìlú jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n ní ìjàǹbá ni. Ní ọjọ́ kẹta, Jàgùnmólú wá kí wọn kú ìdárò, ó jókòó sórí àga Akínsùúrù, ó jẹun, ó sì ní kí wọ́n fún òun lómi sí i. Adúnbárìn ló bù ú fún un. Títí di òní, kò tíì dárí ji ọwọ́ tó fi bu omi yẹn. Ẹni ṣu ló ń gbàgbé, ẹni kó o kì í gbàgbé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Tanímọ̀wò tún wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "Olóyè ti ṣèlérí fún mi. Ó ní tẹ́ ẹ bá ti sọ pé irú kànrìnkàn yìí ti wà tẹ́lẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, àgọ́ Akínsùúrù ni ẹ̀rọ òun máa kọ́kọ́ gbé gòkè. Mi ò tíì sin ọkọ mi. Mo kàn ń wo òkun ni lójoojúmọ́."

"Tí mo bá sì ní irú rẹ̀ ò sí rí ńkọ́?"

"Òfin á sọ Kòtò Kẹrìndínlógún tí wọ́n ti rí i di àdádó. Kò sẹ́ni tó máa lè mú nǹkankan kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé, bó ṣe eegun èèyàn."

"Jàgùnmólú ńkọ́?"

"Ẹni tó bá gbẹ́ àdádó, òun ló máa ṣọ́ ọ. Ọdún méje ní ìsàlẹ̀."

"Ní ìsàlẹ̀," ni Adúnbárìn tún un sọ, bí ẹní ń tọ́ oyin wò.

Ó pa iná. Ó jẹ́ kí ohun inú ìgò náà tòrò, ó da ásíìdì orí rẹ̀ sínú abọ́ gíláàsì kan, ó fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kán ẹ̀kán omi kan sórí àwo dígí. Eruku funfun lásán ni ẹni tí kò bá mọṣẹ́ á rí níbẹ̀. Adúnbárìn tì í sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ó fojú lé e.

Eegun kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn abẹ́rẹ́ gígùn ló kọ́kọ́ rí, tó mú ṣóńṣó ní orí méjèèjì. Àwọn ni wọ́n ń dì pọ̀ bí ọwọ̀ nínú ọ̀pá àárín, tí kànrìnkàn náà fi ń dúró ṣánṣán. Àwọn abẹ́rẹ́ kúkúrú tó gbé ọwọ́ rẹ̀ dúró tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ó rí àwọn ìkọ́, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, orí kan tóbi, orí kan kéré, eyín mẹ́ta lórí kọ̀ọ̀kan. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Eléyín-mẹ́ta ni wọ́n ń pè é. Kò sí kòtò kan nínú ogójì kòtò Ojúomi tí kò sí níbẹ̀.

Ó ti àwo náà sápá òsì, ó sì rí ìkọ́ mìíràn. Ó kà á. Ó nu ojú awò, ó tún un kà. Eyín márùn-ún ni. Ó rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tún rí mẹ́rin sí i.

Inú Adúnbárìn dùn débi pé ìdùnnú náà tì í lójú. Irú ìkọ́ méjì lára kànrìnkàn kan ṣoṣo! Kò sí aṣàyẹ̀wò tó rí irú rẹ̀ rí. Ó rí Jàgùnmólú nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ àti fìlà rẹ̀, tó ń gbọ́ bí omi ṣe ń fún irin àgọ́ mọ́ ọn lórí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti wọ èèyàn lára kì í jẹ́ kó sinmi. Kí aṣàyẹ̀wò tó lanu, ó gbọ́dọ̀ gé ara tútù, kó rí bí eegun ṣe tò nígbà tí ẹran ṣì bò ó. Adúnbárìn gé ọwọ́ kànrìnkàn náà, ó gé ọrùn, ó gé ọ̀pá, ó gé gbòǹgbò, ó fi gbogbo rẹ̀ sábẹ́ awò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìkọ́ tò lẹ́sẹẹsẹ lórí awọ, orí ńlá wọn kọjú síta, wọ́n ń dúró de edé. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Kò sí márùn-ún níbì kankan.

Ó yí ojú padà wo ìgò. Òwú pupa wà lọ́rùn rẹ̀.

Ilé Àyẹ̀wò ní èèwọ̀ kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ÌGÒ KAN, ÒKÚ KAN. Eegun gíláàsì kì í fi ìgò gíláàsì sílẹ̀. Bó o fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, díẹ̀ á ṣì rọ̀ mọ́ ìdí ìgò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ti lò ó tán. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń kó ìgò wá kò tíì dé láti oṣù méjì, àwọn kan sì ti ń fọ ìgò lábẹ́lẹ̀. Adúnbárìn bú wọn ní gbangba. Ó pè wọ́n ní ọ̀bùn, ó ní irú wọn kò yẹ lẹ́ni tó ń se eegun, ẹ̀wà ni kí wọ́n lọ máa sè. Lẹ́yìn náà ni òun náà fọ ẹyọ kan, èyí tó fi se kànrìnkàn eléyín márùn-ún láti ọ̀gbun ìwọ̀-oòrùn lóṣù tó kọjá. Ó so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn kó má baà ṣì í lò. Epo àtùpà ló fẹ́ rọ sínú rẹ̀. Lówùúrọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n mú ohun Kòtò Kẹrìndínlógún wá, tí ara rẹ̀ ń yá gágá láti gbẹ̀san, ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sórí ìgò òwú pupa, kò sì rí òwú.

Eléyín-mẹ́ta lásán ni. Jàgùnmólú á lọ sílé. Akínsùúrù náà á wálé, Tanímọ̀wò á sì sin ín.

"Ìyàwó wa," ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ sọ ọ́. Mo gbà pé ó fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Olóyè Jàgùnmólú wọlé, nítorí olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ èsì ọ̀ràn rẹ̀. Olùgbọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ̀rọ adájọ́ ni Olùgbọ́, àpótí kan tó ga tó èèyàn, tó ń fi táyà kéékèèké rìn, tó sì ní ihò ọwọ́ méjì níwájú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá aṣàyẹ̀wò," ni Olùgbọ́ wí. "Ẹ kú àjẹ́jọ́ o, Olóyè. Ẹ kú ìdúró o, ìyá." Òfin ti kọ́ gbogbo ẹ̀rọ ní ìwà ọmọlúàbí láti ìgbà tí àwọn kan nínú wọn ti bá àwọn tó ni wọ́n purọ́ ní kóòtù. Láti ìgbà náà, ẹnu èèyàn nìkan ló lè sọ irú ẹran tó ni eegun, iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sì ju kó gbọ́ ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó lè mọ̀ bóyá irọ́ ni lọ.

Jàgùnmólú ń làágùn. Ó wo Tanímọ̀wò lójú, ó mi orí sí i bí ọ̀rẹ́, ó sì kọjú sí Adúnbárìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í fún Ọlọ́run. Màá gbé àbúrò yín gòkè wá fún yín, mo ti sọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Olóyè."

Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀, ì bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí àwọn kan dákẹ́.

"Wákàtí mẹ́ta péré ni mo ní kí wọ́n yọ okùn yẹn," ni ó wí. "Wákàtí mẹ́ta! Afẹ́fẹ́ inú àgọ́ tó o. Àbúrò yín ni ò fara balẹ̀. Ká ní ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, tí kò máa pariwo, tí kò máa lu ilẹ̀kùn, tí kò máa lo afẹ́fẹ́ nílòkulò, ì bá wà láàyè lónìí."

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn rí pé Akínsùúrù lu ilẹ̀kùn. Adúnbárìn wo ẹnu ọkùnrin náà bí ó ṣe ń pa dé. Ẹni tó mọ̀ pé ó lu ilẹ̀kùn ti gbọ́ ọ lórí okùn ọ̀rọ̀ tó ti inú àgọ́ gòkè wá, ó gbọ́ ọ ó sì dúró títí ilẹ̀kùn fi dákẹ́.

"Ó lo afẹ́fẹ́ nílòkulò," ni Adúnbárìn wí jẹ́jẹ́.

Ó mú ẹ̀mú. Ó ṣa gígé tútù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lábẹ́ awò, ó tún tan iná sábẹ́ abọ́ ásíìdì, ó sọ wọ́n sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ìyókù kànrìnkàn inú àwo lé wọn lórí, tọ̀pá tọ̀pá. Wọ́n hó gùùgùù. Tanímọ̀wò rò pé ara iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà Adúnbárìn nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì kì wọ́n bọ ihò Olùgbọ́ méjèèjì.

Inú ihò náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Nǹkan kan rọra di ìka rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọwọ́ títí n óò fi kọ ìdájọ́ tán," ni Olùgbọ́ wí. "Eegun wo ni ẹ rí?"

"Abẹ́rẹ́ gígùn inú ọ̀pá. Abẹ́rẹ́ kúkúrú inú ọwọ́. Ìkọ́ eléyín mẹ́ta, àti ìkọ́ eléyín márùn-ún."

"Mo rí méjèèjì lórí àwo yín. Ṣé ìgò tuntun ni ẹ fi sè é?"

Gbogbo irọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Adúnbárìn dúró de àyà rẹ̀ kó já, kò já. Ìbẹ̀rù ni wọ́n kọ́ Olùgbọ́ láti gbọ́, kò sì sí ìbẹ̀rù kankan lára rẹ̀. Ìkórìíra ọdún mẹ́ta ti gba gbogbo àyè, ìkórìíra sì máa ń dúró sójú kan.

"Ìgò tuntun ni," ni ó wí.

"Ọwọ́ yín tutù, ìyá."

"Omi tútù ni mo fi ń ṣàn án."

"Irú rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ àbí kò sí rí?"

"Kò sí rí."

Jàgùnmólú ké, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn ìgò, fìlà rẹ̀ yí lọ sábẹ́ tábìlì. "Ẹ ṣàánú mi! Ẹ forí jì mí! Mi ò lè gbé inú òkùnkùn, màá kú síbẹ̀. Ìyá mi, ẹ dákun!"

Ìyá mi! Ọkùnrin tó ju Adúnbárìn lọ ní ọdún méjìlá. Adúnbárìn tẹ́tí sí igbe náà dáadáa, kò jẹ́ kí ẹyọ kan nínú rẹ̀ ṣòfò.

"Olóyè," ni ó wí, "ẹ fara balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ má lo afẹ́fẹ́ nílòkulò."

Ilẹ̀kùn tún ṣí, apá irin méjì wọlé, wọ́n gbé Jàgùnmólú dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì gbé e lọ. Igbe rẹ̀ dún lórí afárá, ó dún ní àdúgbò kejì, kò sì dún mọ́.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú ẹran kan ló máa ń sọ ọ́ lórúkọ," ni Olùgbọ́ wí. "Kí ni kí n kọ?"

"Kọ Jàgùnmólú. Kọ ọ́ pé kò lójú, kò ní àánú, ohun tó bá sì ti dì mú, títí yóò fi kú ni."

"Orúkọ nìkan ni àyè wà fún, ìyá."

"Orúkọ náà ti tó."

Nígbà náà ni Tanímọ̀wò sọ̀rọ̀. Ó ti fara ti ògiri, kò sì sunkún. Olùgbọ́ ló kọ ojú sí. "Ibo ni wọ́n máa gbé àgọ́ Olóyè sí níbẹ̀?"

"Ogójì ìṣísẹ̀ sí àgọ́ Akínsùúrù, ìyá. Ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti le tó láti gbé àgọ́ dúró. Fèrèsé méjèèjì á kọjú síra wọn."

"Ṣé o gbọ́ ọ?" Adúnbárìn rẹ́rìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó níbi tó dúró sí, tọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ihò. "Ṣé o gbọ́ ọ, ìyàwó wa? Bó bá lajú láàárọ̀, Akínsùúrù ni. Bó bá fẹ́ sùn, Akínsùúrù ni. Ọdún méje gbáko! Ẹ̀san ò gbóògùn."

"Mo gbọ́ ọ," ni Tanímọ̀wò wí. "Ẹni tó pa ọkọ mi ni á máa rí ọkọ mi lójoojúmọ́ fún ọdún méje. Èmi ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n mi? Èmi tí mo fẹ́ ẹ, ìgbà wo ni mo máa rí i?"

Adúnbárìn wo ojú obìnrin náà, ó sì rí i pé láti àárọ̀ tó ti dúró níbẹ̀, òun kò tíì bi í léèrè ohun tó ń fẹ́. Ó sọ ọ́ fún òun, òun gbọ́ ọ, òun sì sọ ọ́ sínú ásíìdì pẹ̀lú ìyókù. Nǹkan kan gbá a láyà gbì, ó sì tún gbá a.

"Ìyá aṣàyẹ̀wò," ni Olùgbọ́ wí, "n kò tíì kọ ọ́ tán, ẹ̀jẹ̀ yín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ṣé ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹ fẹ́ sọ?"